Sáfà PostgreSQL ń kú ní ìparí oṣù, ẹ̀dà ìpamọ́ ṣófo, àwọn ẹ̀ka kò sì lè wọlé

Akọ̀wé_Sáfà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, èmi nìkan ṣoṣo sì ni, kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀. Sáfà wa wà nínú yàrá ẹ̀yìn akápò. RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB, Ubuntu 22.04 ló wà lórí rẹ̀, PostgreSQL 14 la sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀ka 10 ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìta, orí WireGuard (ọ̀nà àdáni tó ní ìtìpa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn akọ̀wé ń ráhùn pé ìjábọ̀ ń pẹ́ jù, mo gbé shared_buffers sí 8GB, work_mem sí 256MB, àti max_connections sí 300. Ó yá lóòótọ́, wọ́n sì yìn mí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí a bá ń ṣírò èlé ní ìparí oṣù, gbogbo ẹ̀ka á ṣàdédé já kúrò lórí sáfà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo bá nínú log nìyí:

```
LOG:  server process (PID 21874) was terminated by signal 9: Killed
LOG:  terminating any other active server processes
```

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ojora mú mi, mo pa ẹ̀rọ náà pátápátá, mo sì tún un tàn. Àwa tí a wà nínú ọ́fíìsì rí i lò, ṣùgbọ́n "Connection refused" ni gbogbo ẹ̀ka ń rí. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, mo tún PostgreSQL nìkan bẹ̀rẹ̀, láìfọwọ́ kan ohun mìíràn, wọ́n sì wọlé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò mọ ohun tó fà á.

Èyí tó gba oorun lójú mi ni pé nígbà tí mo lọ wo àpò ẹ̀dà ìpamọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, fáìlì mẹ́jọ ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ 20 bytes. Bẹ́ẹ̀ ni free -h ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà pé RAM tó ṣófo kò ju bí 300 MB lọ. Ṣé kí n ra RAM sí i ni, tàbí kí n yọ PostgreSQL kúrò kí n sì tún un gbé sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Àká dáhùn:

Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì yọ nǹkan kan. Ohun tí ẹ kọ kẹ́yìn ló yẹ kó ṣáájú. Ní àkókò yìí, ibì kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín wà láyé, orí dísíìkì tó wà nínú yàrá akápò yẹn ni. Bí dísíìkì náà bá kú lálẹ́ òní, kò sí ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni lè gbà yín níbí tí yóò wúlò lọ́la.

Ogún bytes yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Òun gan-an ni gzip máa ń kọ sílẹ̀ nígbà tí kò bá rí ohunkóhun fún pọ̀. Ẹ dán an wò fúnra yín:

```
gzip < /dev/null | wc -c
```

20 ni yóò dá yín lóhùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pg_dump, irinṣẹ́ tó ń kọ ẹ̀dà dátábéèsì, kò rí dátábéèsì wọ̀, ó kígbe, ó sì jáde. Gzip tó dúró sí ìdí páìpù kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, ó di àpótí òfìfo, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì ròyìn pé òun ti parí iṣẹ́. Nínú bash, àbájáde àṣẹ tó kẹ́yìn nínú páìpù ni a máa ń kà sí àbájáde gbogbo wọn, àyàfi tí ẹ bá kọ set -o pipefail sí òkè ìwé àṣẹ náà. Ìdí nìyí tí cron, tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí a dá fún un, fi ń rí àṣeyọrí lójoojúmọ́ níbi tí kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìdáhùn mìíràn, ẹ so dísíìkì USB kan mọ́ sáfà, kí ẹ sì ṣe èyí gẹ́gẹ́ bí aṣàmúlò postgres, pẹ̀lú orúkọ dátábéèsì yín ní ibi tí mo kọ ajo sí:

```
pg_dump -Fc -f /mnt/usb/ajo.dump ajo
pg_dumpall --globals-only > /mnt/usb/globals.sql
```

Kò pọn dandan kí ẹ lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí sáfà. Bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí pg_dump bẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ sílẹ̀, kódà bí àwọn akọ̀wé bá ń tẹ owó wọlé lọ. Ẹ kàn má ṣe é ní wákàtí tí ìjábọ̀ èlé ń lọ. Àṣẹ kejì ṣe pàtàkì nítorí pé pg_dump kì í kó àwọn aṣàmúlò àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wọn dání, dátábéèsì kan ṣoṣo ló ń kó. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ fi ìwé àṣẹ cron yín hàn wá.

Alágbẹ̀dẹ_Kernel dáhùn:

Mo ní ìgbàgbọ́ pé ẹ ti ṣe ohun tí Ìyá_Àká ní kí ẹ ṣe. Ó kan ọ̀rọ̀ RAM wàyí.

PostgreSQL kò pa ara rẹ̀. Signal 9 láti ọwọ́ kernel Linux ni: nígbà tí RAM àti swap (àyè orí dísíìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) bá tán, kernel á yan iṣẹ́ kan tó ń gba àyè púpọ̀, á sì pa á kí ẹ̀rọ lápapọ̀ má bàa dákú. Ẹ wo `journalctl -k`, kí ẹ wá gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Out of memory: Killed process". Bí nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ 21874, ẹjọ́ ti parí. Ìdí tí gbogbo ẹ̀ka fi já nígbà tí ẹyọ kan ṣoṣo kú ni pé gbogbo àwọn iṣẹ́ PostgreSQL jọ ń lo àyè àjùmọ̀ní kan nínú RAM. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan lójijì, ìyá wọn kò lè mọ̀ bóyá ó ń kọ nǹkan lọ́wọ́ síbẹ̀ nígbà tó kú, kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé àyè náà mọ́. Á dá gbogbo wọn dúró, á ka WAL (àkọsílẹ̀ àyípadà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe) láti tún ohun tó kù díẹ̀ káàtó ṣe, á sì ṣí ilẹ̀kùn padà. Òun fúnra rẹ̀ ń dìde. Pípa tí ẹ pa ẹ̀rọ náà kò ràn án lọ́wọ́, mo sì fura pé òun ló bí ìṣòro àwọn ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù mí lọ yóò sọ ìyẹn.

Ẹ gbàgbé 300 MB tó ń dẹ́rù bà yín. Linux kì í fi RAM sílẹ̀ lásán, ó máa ń fi èyí tí kò ní iṣẹ́ ṣe pa fáìlì tí a ti kà mọ́, á sì yọ̀ǹda rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ẹ. Òpó available ni kí ẹ máa wò nínú free -h, ẹ má wo òpó free.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. shared_buffers ti gba 8 GB, ìdajì ẹ̀rọ. work_mem ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: 256MB yẹn kì í ṣe ti sáfà lápapọ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ti ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi kọ̀ọ̀kan nínú ìbéèrè tí PostgreSQL ti ní láti to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ tàbí kó kọ́ tábìlì hash ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìbéèrè èlé tó so àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó lè ní irú ibẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀ka 10, ibi 4, 256 MB: 10,240 MB nìyẹn, 10 GB géérégé. Tí ẹ bá fi 8 kún un, ó di 18, bẹ́ẹ̀ 16 ni ẹ̀rọ yín ní. N kò tíì ka Ubuntu fúnra rẹ̀, n kò sì tíì ka àwọn olùrànlọ́wọ́ tí PostgreSQL máa ń pè sí ìbéèrè ńlá, tó lè tó méjì fún ìbéèrè kan bí ẹ kò bá yí i padà, tí olúkúlùkù wọn sì tún ní work_mem tirẹ̀. Láàárín oṣù, ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta ló ń bu nínú ìkòkò náà, ó sì ń tó wọn. Ní ìparí oṣù, gbogbo wọn gbé abọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí èmi yóò ṣe nìyí:

```
shared_buffers = 4GB
work_mem = 16MB
max_connections = 100
log_temp_files = 0
```

Ìdámẹ́rin RAM ni wọ́n máa ń dámọ̀ràn fún shared_buffers lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ ti dátábéèsì nìkan. Òun àti max_connections ń fẹ́ kí ẹ tún PostgreSQL bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì yòókù kò fẹ́ ju reload lọ. Fún ìjábọ̀ èlé, ẹ fún aṣàmúlò tó ń ṣe é ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: `ALTER ROLE ijabo SET work_mem = '64MB';`. Bí ẹ̀ka 10 bá jọ lò ó, 2,560 MB ni, ẹ̀rọ yín á sì gbé e láìmí hẹlẹ. Tí àyè kò bá tó ìbéèrè kan, á to nǹkan rẹ̀ sórí dísíìkì, log_temp_files á sì sọ fún yín bí fáìlì ìgbà díẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Ìjábọ̀ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i. Mo gbà pé àwọn akọ̀wé á ráhùn. Kí wọ́n ráhùn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ràn. Ẹ fi vm.overcommit_memory sí 2, ẹ sì gbé vm.overcommit_ratio láti 50 tó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí 80. Bí swap yín bá jẹ́ 2 GB, àpapọ̀ ohun tí kernel yóò gbà láti ṣèlérí á jẹ́ 14.8 GB. Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè tó bá tọrọ kọjá agbára á gba "out of memory" gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe tirẹ̀ nìkan, àwọn mẹ́sàn-án yòókù á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 50, 10 GB péré lẹ ó ní, ìyẹn á sì há jù.

Ọ̀nà_Àbùjá dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fi swap 32 GB sí i. Ní ti àwọn ẹ̀ka, ẹ kọ `host all all 0.0.0.0/0 trust` sínú pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, gbogbo wọn á wọlé. Ọdún kejì rèé tí tèmi ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Wáyà dáhùn:

Ọ̀nà_Àbùjá, n kò fẹ́ bá ọ jà ní gbangba, àmọ́ trust túmọ̀ sí pé sáfà kò ní béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, 0.0.0.0/0 sì túmọ̀ sí ẹnikẹ́ni níbi gbogbo. Owó àwọn ènìyàn ló wà níbẹ̀. Lọ yọ ọ́ lórí tìrẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàtọ̀ sí èyí, kò lè wo àìsàn tí Akọ̀wé ní, nítorí pé PostgreSQL kò tíì dé ibi tí a ti ń ka pg_hba.conf nígbà tí ẹ̀ka rí "Connection refused".

Akọ̀wé, àwọn ìdáhùn mẹ́ta ló wà tí ó yẹ kí ẹ máa dá mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Bí ẹ̀ka bá dúró títí tí ó fi sọ pé "timed out", ọ̀rọ̀ náà kò dé, tàbí fáyàwọ́ọ̀lù gbé e mì láìfọhùn. Bí ó bá sọ pé "no pg_hba.conf entry for host", PostgreSQL fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ó rí yín, ó sì kọ̀ yín. Ṣùgbọ́n "refused" túmọ̀ sí pé ẹ dé ojúlé náà, ẹ kanlẹ̀kùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Nítorí náà WireGuard yín ń ṣiṣẹ́. PostgreSQL ni kò sí lórí àdírẹ́ẹ̀sì náà.

Ẹ jẹ́ kí n méfò: nínú postgresql.conf yín, listen_addresses ní àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì àti ti WireGuard nínú, irú bíi `'192.168.1.20,10.8.0.1'`. Nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, PostgreSQL ṣáájú WireGuard dìde. Ó wá 10.8.0.1, kò rí i, nítorí pé wg0, ojú ọ̀nà WireGuard lórí ẹ̀rọ, kò tíì wà. Níwọ̀n bí ó ti rí èkejì, kò kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, ó kàn kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀, ó sì ń bá ọ́fíìsì nìkan sọ̀rọ̀. Nígbà tí wg0 wá dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, PostgreSQL kò padà lọ wò ó. Ìgbà tí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ara yín, tí wg0 ti wà níbẹ̀, ló tó rí i. Ẹ wá gbólóhùn yìí nínú log ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀:

```
LOG:  could not bind IPv4 address "10.8.0.1": Cannot assign requested address
```

Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ṣe `sudo systemctl edit postgresql@14-main`, kí ẹ sì kọ èyí sínú rẹ̀:

```
[Unit]
After=wg-quick@wg0.service
Wants=wg-quick@wg0.service
```

Àwọn mìíràn máa ń fi `'*'` sí listen_addresses kí wọ́n má bàa rí wàhálà yìí rárá. Kò burú, bí fáyàwọ́ọ̀lù bá wà lẹ́nu iṣẹ́: `sudo ufw allow in on wg0 to any port 5432 proto tcp`, àti irú rẹ̀ kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, kò sì sí ẹlòmíràn. Nínú pg_hba.conf, ẹ kọ ìlà fún 10.8.0.0/24 pẹ̀lú scram-sha-256, kí ẹ sì rántí pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni PostgreSQL ń kà á, ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá àlejò mu ló ń dá ẹjọ́, kì í wo ìyókù. Kí ẹ tó ṣe reload, ẹ wo `SELECT * FROM pg_hba_file_rules;`, òpó error rẹ̀ á fi àṣìkọ hàn yín kí ó tó ṣe yín ní jàǹbá.

Ìdánwò kan ṣoṣo tó tó ni pé kí ẹ tún gbogbo ẹ̀rọ tàn, kí ẹ ṣe `ss -ltnp | grep 5432`, kí ẹ sì kà á pé àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ó ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ tí kò lè dá dìde pátápátá kò tíì di sáfà.

Akọ̀wé_Sáfà dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Àbá Bàbá_Wáyà rí bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo ń kọ ìṣètò náà: gbólóhùn yẹn wà nínú log, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an. Mo ti tún ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀mejì, àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì sì wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì. 21874 náà wà nínú journalctl.

Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́, ìtìjú mú mi láti gbé e síbí, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ náà nìyí:

```
pg_dump -h 192.168.1.20 -U ajo ajo | gzip > /var/backups/ajo/$(date +%F).sql.gz
find /var/backups/ajo -mtime +7 -delete
```

Nígbà tí akọ̀wé kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà, n kò sì rántí fáìlì .pgpass tí pg_dump ti ń ka ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Láti ọjọ́ náà ni pg_dump ti ń kùnà. Mo lọ wo syslog, mo bá gbólóhùn kan náà níbẹ̀ lálaalẹ́: "No MTA installed, discarding output". Cron ń pariwo, kò kàn sí ẹni tó máa gbé ìwé náà fún mi. Èyí tó dùn mí jù ni ìlà kejì yẹn, nítorí pé bí àwọn òfìfo ti ń wọlé ló ń pa àwọn tó dára rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

pg_dump ti wà lórí USB báyìí. Mo gbìyànjú láti dá a padà sórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ní `role "ijabo" does not exist`. Mo rántí globals.sql, mo kọ́kọ́ gbé e wọlé, mo sì tún un ṣe lórí dátábéèsì tuntun, ó lọ tinrín. Mo ka ìlà tábìlì owó ìfipamọ́ ní ìhà méjèèjì, wọ́n bára mu.

Ìyá_Àká dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. `-mtime +7 -delete` ti ba ọ̀pọ̀ wa nínú jẹ́. Ẹ yí ìwé àṣẹ náà padà báyìí: `set -euo pipefail` ní òkè, pg_dump -Fc dípò gzip nítorí pé -Fc ti ń fún nǹkan pọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà `pg_restore --list` lórí fáìlì tuntun náà, kí find sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Pẹ̀lú set -e, bí ohunkóhun bá kùnà lókè, ọwọ́ kò ní kan àwọn ti àtijọ́. Ẹ ṣe .pgpass ní 0600, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní kà á rárá. pg_restore --list kàn ń fi hàn pé fáìlì náà ní orí, kò sọ pé ara rẹ̀ pé. Nítorí náà, ohun tí ẹ ṣe lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ máa ṣe é lóṣooṣù.

Nígbà tí ara bá tù yín, ẹ ro èyí wò. Ẹ̀dà alaalẹ́ túmọ̀ sí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo owó tí wọ́n tẹ̀ wọlé láti àárọ̀ ti lọ. Bí ẹgbẹ́ kò bá lè fara da ìyẹn, ẹ ṣe pg_basebackup (ẹ̀dà gbogbo fáìlì PostgreSQL) lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì tan archive_mode, kí archive_command máa kó fáìlì WAL lọ sí ẹ̀rọ mìíràn. 16 MB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí archive_timeout bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5, tí iṣẹ́ sì ń lọ tọ̀sán tòru, 288 fáìlì ni, nǹkan bí 4.6 GB lójúmọ́, ẹ ó sì máa fún wọn pọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fi recovery.signal àti recovery_target_time dá dátábéèsì padà sí aago 3:58, ìṣẹ́jú méjì kí ẹnìkan tó kọ DELETE láìfi WHERE sí i. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo failed_count nínú pg_stat_archiver: bí archive_command bá ń kùnà, pg_wal á máa wú títí dísíìkì á fi kún, sáfà á sì dúró. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ pa fáìlì kankan rẹ́ nínú pg_wal. Ẹ tún archive_command ṣe, yóò fa ara rẹ̀ yọ.

Níbo sì ni USB yẹn wà ní báyìí?

Akọ̀wé_Sáfà dáhùn:

Mà, orí sáfà gan-an ni mo gbé e lé. Mo ti yọ ọ́. Mo ra èkejì lónìí, ọ̀kan á máa bá mi lọ sílé, èkejì á wà lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà ní ẹ̀ka Ọ̀yọ́, a ó sì máa pààrọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo ti pa wọ́n mọ́ lábẹ́ ìtìpa LUKS kí ẹni tó bá rí i he má bàa rí owó àwọn ènìyàn kà.

Mo fi work_mem sí 16MB lánàá, mo sì dán ìjábọ̀ èlé wò pẹ̀lú ẹ̀ka mẹ́ta: fáìlì ìgbà díẹ̀ kan jáde nínú log, ó tó 90 MB, iṣẹ́ náà sì parí. N kò tíì fọwọ́ kan overcommit. Ìparí oṣù bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ka 10 á wọlé pọ̀. N ó gbé log ọjọ́ náà wá síbí.